Ẹ Má Ṣe Fi Òùngbẹ Gun Òkè

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lónìí, orí tẹlifóònù ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan wà ní Kánádà níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí, lẹ́yìn tí ó sì ti kí mi tán, ó ní, “Àǹtí, àwọn ará ibi iṣẹ́ wa fẹ́ lọ sínú igbó ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí láti rìn lórí yìnyín, wọ́n sì ní kí n bá àwọn lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni. Kí ni kí n mú dání?”

Mo bi í léèrè bí ènìyàn ṣe ń rìn lórí yìnyín. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní síkì: wọn a de pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọn a mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, wọn a sì máa yọ̀ lọ láti ibì kan dé ibòmíràn lórí ilẹ̀ tí yìnyín ti bò. Èkejì ni bàtà kan tí ó fẹ̀ bí atẹ, tí wọ́n ń wọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má ba à rì. Kì í ṣe ìdíje. Ìgbafẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì máa ń kó ara wọn jọ ṣe é.

Mo dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kan náà pé, “Omi. Mú omi dání, kí o sì máa mu ún.”

Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí, omi kẹ̀? Nínú òtútù tí ń mú eyín gbọ̀n yìí? Aṣọ ni mo rò pé ẹ máa sọ.”

Mo ní kí ó fi ara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní òkè Ìdànrè fún un. Ìtàn yìí kan náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, nítorí kò sí ọdún tí àwọn ẹgbẹ́, ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ kì í kó ènìyàn sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ibi òkè tàbí ibi omi tí ń tàkìtì. Àwa kò ní yìnyín ní Ẹ̀gbẹ́dá, ṣùgbọ́n a ní òkè ní ilẹ̀ wa, a ní oòrùn, a sì ní ìtìjú. Ìtìjú yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí léṣe.

BÍ A ṢE DÁWỌ́ LÉ ÌRÌN

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ̀ mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní dísípẹ́ńsárì kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn àìsàn tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún dídùn àti ẹ̀yìn ríro. Bí mo bá bi àwọn tí ó ní i léèrè iṣẹ́ wọn, ìjókòó ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù a jókòó ti ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, télọ̀ a jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, awakọ̀ a sì jókòó sínú gò-sílóò láti Ìyànà Ìpájà títí dé Ìkòtún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú kí èémí rẹ̀ yára díẹ̀, irú bí ìrìn kánkán. Bí a bá pín in, ó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà ni àwa mélòó kan ní àdúgbò ṣe kó ara wa jọ, tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé láti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí apá Akówọnjọ, tí a sì ń padà kí ọkọ̀ tó kún ojú ọ̀nà. Ní ọdún 2023 ni Tísà, ọ̀kan nínú wa, sọ pé ẹsẹ̀ wa ti le tó láti gun òkè. Ìdànrè ni a fẹnu kò sí.

Ìdànrè wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Orí òkè gan-an ni àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ ń gbé, títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà lókè níbẹ̀. Ní ọdún 2007 ni wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn tí ènìyàn yóò gùn lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sí i lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá lè gùn ún dé òkè, tí ó sì sọ̀ ní àlàáfíà, mọ̀ pé òun ti ṣiṣẹ́.

MO WO GBOGBO ÈNÌYÀN, N KÒ WO ARA MI

Àwa méjìlélógún ni a fẹ́ lọ, obìnrin mẹ́tàlá, ọkùnrin mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́rú, ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìn àjò náà, mo pe gbogbo wọn wá, mo sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Bàbá Onílé, ẹ̀rọ náà kọ 168/104. Mo ní kí ó sinmi, mo tún un wọ̀n, kò yàtọ̀.

Bàbá ní, “Nọ́ọ̀sì, orí kò fọ́ mi, ẹsẹ̀ kò dùn mí. Ẹ̀rọ yín ni kò mọ̀ mí.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.”

Mo ní kí ó lọ rí dókítà. Dókítà fún un ní oògùn, ó ní ó lè bá wa rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gun òkè títí ìfúnpá rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Bàbá bá mi bínú, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé wa. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí mo ṣe, mo sì rò pé kò sí ohun tí mo gbàgbé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni a gbéra ní agogo márùn-ún. Láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ṣíwọ́ omi mímu. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọkùnrin lójú ọ̀nà, igbó kò jìnnà sí i. Obìnrin ni yóò máa wá ibi tí yóò gbà. Ilé ìtọ̀ ilé epo mìíràn wà ní títì. Èyí tí ó ṣí sílẹ̀, ènìyàn a di imú wọ ọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń fi òùngbẹ rìnrìn àjò. Ìwà yìí ti wọ̀ wá lára débi pé ìyá ń fi kọ́ ọmọ rẹ̀: “Má mumi o, ọ̀nà jìn.”

Gò-sílóò mú wa ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. A kọjá Ìbàdàn, a kọjá Ifẹ̀ àti Iléṣà, a dé Àkúrẹ́, oòrùn sì ti ń wọ̀ nígbà tí a wọ Ìdànrè. Ní gbogbo ọ̀nà yìí ìtọ̀ kò gbọ̀n mí rárá, èmi sì kà á sí oríire. Èmi nọ́ọ̀sì! Ní alẹ́, a jẹ iyán, ṣùgbọ́n ilé ìtọ̀ ibi tí a sùn wà ní ìta nínú òkùnkùn, nítorí náà omi tí ó kàn fọ ẹnu mi ni mo mu lé e.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LÓRÍ ÒKÈ

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni a fi àdéhùn sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ya fọ́tò, àwọn kan ń dúró de àkàrà, kí a tó fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó ti di agogo mẹ́wàá. Ife tíì kan péré ni mo mu. Bàbá Onílé jókòó ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ síwájú. Àwa àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá ti dé ibi ìsinmi kan, àwọn tí wọ́n ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́ yóò dìde, wọn yóò ní, “Nọ́ọ̀sì ti dé, ó yá, ẹ jẹ́ á lọ!” Èmi náà a sì dìde tẹ̀lé wọn láì tíì mí kanlẹ̀. Nígbà tí a fi máa gùn dé ìdajì, orí ti ń fọ́ mi. Nígbà tí ó tún ṣe díẹ̀, pajápajá mú mi nínú iṣan ẹsẹ̀. Ọ̀rá omi kan wà nínú àpò mi, ṣùgbọ́n mo rò ó pé, “Bí mo bá mu ún, níbo ni n ó ti tọ̀ lórí àpáta yìí?” N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara mi kò dá. Ta ni yóò gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ni ó rẹ̀?

Nígbà tí a dé iwájú ààfin àtijọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà mi. Bí mo ti nàró, òòyì kọ́ mi, ojú mi ṣú, ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Orúnkún mi bó.

Ìyá Ìbejì, tí ń ta ata ní ọjà, ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní kí wọ́n gbé mi sí abẹ́ òjìji. Ó tú gèlè mi, ó dẹ aṣọ tí ó há mi láyà, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé orí àpò, ó sì ń fẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ mọ́ etí mi, ó rọra bi mí léèrè pé, “Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni ẹ tọ̀ gbẹ̀yìn?”

Mo ronú títí. Òru àná ni.

Ó ní, “Àwọ̀ wo ni ó ní?”

Ó ti dúdú bí omi àgbo.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni ó ni ìbéèrè méjì yìí? Èmi ni. Èmi ni mo fi kọ́ Ìyá Ìbejì ní ọdún méje ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe wá sí ọ̀dọ̀ mi, tí mo ní kí ó máa wo ìtọ̀ ọmọ náà bóyá omi ara rẹ̀ ti ń dínkù. Ohun tí mo fi kọ́ ọ nítorí ọmọ rẹ̀ ni ó fi tọ́jú mi.

Mo ní àpótí ìtọ́jú. Ọ̀já wà nínú rẹ̀, oògùn egbò wà, oògùn ẹ̀fọ́rí wà. ORS tí kò wọ́n, tí a ń tà ní ilé oògùn gbogbo, kò sí níbẹ̀. Wọ́n fi tẹlifóònù pe Bàbá Onílé. Bàbá tí mo ní kò gbọdọ̀ gun òkè ni ó lọ ra ORS nínú ìlú, tí ọmọ Tísà sì sáré sọ̀ lọ gbà á. Kí ó tó dé, Ìyá Ìbejì ń fún mi ní omi inú ọ̀rá, ẹnu díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan tí mo ti ń mu ORS, ojú mi là. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ gbọ̀n mí. Obìnrin méjì na ìró bò mí lẹ́yìn àpáta. Kò sí ẹni tí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo ti ń sá fún láti Ọjọ́bọ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Nígbà tí mo sọ òtítọ́ ohun tí mo ṣe fún wọn, àwọn obìnrin yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Nínú àwa mẹ́tàlá, àwa mẹ́sàn-án ni kò mumi nítorí ọ̀nà.

EYÍ TÍ Ó BÀ MÍ LẸ́RÙ JÙ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Láti Ọjọ́bọ̀ ni n kò ti lo oògùn mi.” Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń mú kí ènìyàn máa tọ̀. Nítorí ọkọ̀ ni ó ṣe dá a dúró. Nígbà tí mo wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ọjọ́rú, 132/84 ni, nítorí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 184/112 ni. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì bá wa padà sílé ní ọjọ́ Àìkú.

N kò lè sùn ní òru náà. Mo ti bi gbogbo ènìyàn léèrè pé, “Ṣé ara yín le?” Ṣùgbọ́n n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé, “Kí ni ẹ fẹ́ ṣe nípa ìtọ̀ lójú ọ̀nà?” Ẹ̀rọ lè wọn ìfúnpá, kò lè wọn ohun tí ènìyàn fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

ÌDÍ TÍ OMI FI ṢE PÀTÀKÌ

Ẹ wo mọ́tò tí ń gun òkè. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a gbóná, omi inú rédíétọ̀ ni ó sì ń tù ú. Bí omi náà bá tán, ọkọ̀ a dákú sójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ara wa. Nígbà tí a bá ń gun òkè, iṣan ẹsẹ̀ wa ń mú ooru jáde, ara a sì máa làágùn kí ó lè tutù. Inú ẹ̀jẹ̀ ni omi òógùn yìí ti ń wá. Bí a kò bá mu omi dípò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dínkù, ọkàn a máa sáré, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé orí nígbà tí a bá nàró kò ní í tó. Òòyì nìyẹn. Kíndìnrín náà a máa di omi mú, ìtọ̀ a sì dúdú. Ẹni tí ó bá sọ èyí di àṣà lè ní òkúta inú kíndìnrín, kòkòrò àìsàn sì lè wọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ewu náà fara sin. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa òógùn lára wa kí a tó rí i, a ó sì rò pé a kò làágùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lórí yìnyín, èyí sì ni ìdáhùn tí mo fún ọmọ àbúrò mi. Èéfín tí ń jáde lẹ́nu ènìyàn nínú òtútù, omi ara ni. Iṣẹ́ ńlá ni síkì gígùn. Apá àti ẹsẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ara a sì máa làágùn lábẹ́ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ òtútù kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ènìyàn bí ó ti yẹ, ó sì tún ń mú kí ó máa tọ̀ léraléra. Ẹ má sì rò pé eré yìí kò kàn wá. Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, fi síkì ṣojú orílẹ̀-èdè wa ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing. Àwọn ọmọ wa púpọ̀ sì ń gbé ní ilẹ̀ yìnyín nísinsìnyí.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸGBẸ́ TÍ Ó BÁ FẸ́ RÌN

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nítorí náà:

Èkíní, kí gbogbo ẹni tí ó ti tó ogójì ọdún wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí ó bá tó 140/90 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó rí dókítà kí ó tó gun òkè. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ gbàgbé oògùn tí ó ń fà símú. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, aboyún, àti ẹni tí ó ní àrùn foníkú-fọlá-dìde gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà, nítorí àìtó omi àti òtútù lè ta ìrora foníkú-fọlá-dìde jí.

Èkejì, ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró nítorí ìrìn àjò. Bí oògùn yín bá ń mú yín tọ̀, ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín léèrè àkókò tí ó yẹ kí ẹ lò ó ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ṣètò ibi ìtọ̀ bí wọ́n ti ń ṣètò oúnjẹ. Kí awakọ̀ mọ̀ pé lẹ́yìn wákàtí méjì méjì ni yóò máa dúró ní ibi tí ó mọ́. Kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, kí ojú má ba à ti ẹnì kan. Kí a mú ìró, ọṣẹ, omi àti bébà dání. Kí obìnrin kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ í bò wà tí àwọn obìnrin yòókù lè sọ tiwọn fún.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láti ọjọ́ tí ó ṣáájú. Lórí òkè, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀rá kan ní wákàtí kan. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú bí ẹni ń rọ omi sí àgbá, nítorí omi tí ó pọ̀ jù náà ń ṣe ènìyàn léṣe. Ẹni tí dókítà ti díwọ̀n omi fún nítorí àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìwọ̀n náà. Bí ìtọ̀ yín bá mọ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi omi là, ó dára; bí ó bá dúdú, ẹ mumi.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tètè gbéra kí oòrùn tó mú. Ẹ dé fìlà tàbí akẹtẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ó di ilẹ̀ mú, tí ẹsẹ̀ yín sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàtà tuntun a máa bó ẹsẹ̀, sílípáàsì a sì máa yọ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹni tí ó lọ́ra jù ni kí ó wà níwájú, kí ẹnì kan tí ó lágbára sì kẹ́yìn. Bí ẹni ìkẹyìn bá dé ibi ìsinmi, ìgbà náà ni ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń sinmi tipẹ́ kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dìde.

Èkeje, ẹ mú ORS dání. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà kan. Kí ṣíbí náà gún régé, kí ó má ṣe ga bí òkìtì. Bí a bá kọ 50cl sára ọ̀rá omi, ọ̀rá méjì ni lítà kan. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ òtútù, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn, kí ẹ lè máa bọ́ ọ kí òógùn tó mú un tutù. Aṣọ òwú tí òógùn ti rin máa ń gba ooru ara lọ. Ẹ fi fúláàsì gbé omi gbígbóná tàbí tíì dání.

ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FOJÚ FÒ

Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e tàbí tí pajápajá mú un, kí ó dúró lójú kan náà. Ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fún un ní ORS díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ gòkè mọ́ ní ọjọ́ náà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ kántankàntan, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tàbí tí gìrì mú un, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe da ohunkóhun sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àyà ń dùn, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kú: ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ìsinmi.

Ní ọdún 2024, a tún lọ sí Ìdànrè. Bọ́ọ̀sì dúró nígbà mẹ́rin lójú ọ̀nà, gbogbo wa ni a sì sọ̀ kalẹ̀. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ gééré ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bàbá Onílé, tí kò fo oògùn rẹ̀ ní ọjọ́ kan láti ọdún tí ó ṣáájú, tí dókítà sì ti yọ̀ǹda fún, ni ẹni tí ó lọ́ra jù nínú wa. Nítorí náà òun ni ó wà níwájú. Nígbà tí a dé ààfin àtijọ́, ó yí padà, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti mumi?”

Ọmọ àbúrò mi náà pè mí lẹ́yìn ìrìn rẹ̀. Omi inú ìgò àwọn ẹlòmíràn dì gbagidi, ti inú fúláàsì rẹ̀ ni gbogbo wọn jọ mu. Mo bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe nípa ìtọ̀ nínú yìnyín. Ó ní, “Àǹtí, a kàn ń sọ fún ara wa ni.”

Ẹ̀yin náà, ẹ máa sọ fún ara yín. Ó dìgbà o.